Ta ló ní ayé dẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí?

Ó ti sú mi o. Gbogbo ìgbà tí èsì WAEC bá ti jáde tàbí tí JAMB bá ti sún mọ́lé, àwọn àgbà inú WhatsApp ẹbí wa á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá, àwa fẹsẹ̀ rin máìlì márùn-ún lọ síléèwé láìwọ bàtà, àwa fi fìtílà kàwé, àwa pọnmi ká tó lọ sóko, àwa ò mọ fóònù, ẹ wá wo àwọn ọmọ ìsinsìnyí, dátà ni tiwọn, ayé ti dẹ̀ fún wọn jù, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mọ̀wé. Àwọn tó kù á wá máa pàtẹ́wọ́ sí i, òótọ́ ọ̀rọ̀ sà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ló gbé ti ọ̀tẹ̀ yìí síbẹ̀, mo tẹ èsì tán, mo rántí pé àgbà ni wọ́n, mo pa á rẹ́. Ibí ni mo wá gbé e sí, torí mo mọ̀ pé wọn kì í débí.

Kí n yáa sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn, ibi tá a ti ń tẹ̀wé, tá a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tá a ti ń bá àwọn ọmọ wo èsì ìdánwò tá a sì ń bá wọn ṣe fọ́ọ̀mù iléèwé. Láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ ọdún 15 sí 20 ni mò ń rí, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìyá wọn lórí fóònù láti sọ ohun tó wà nínú èsì, àwọn míì á ní kí n bá àwọn sọ ọ́ torí ẹnu àwọn ò gbà á.

Àwọn àgbà wa jìyà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìyà tó jẹ́ ìyà gan-an, wọn kì í sọ ọ́. Ìrìn ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ, ìrìn ẹsẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló dùn jù níbẹ̀. Ẹ fọgbọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n á sọ fún yín pé ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti ń ṣa àgbálùmọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà sódò wẹ̀, ibẹ̀ ni bọ̀dá kan ti kọ́kọ́ ki lẹ́tà bọ àǹtí kan lọ́wọ́. Wọn ò ní sọ ti sòbìà.

Ìyá ìyá mi, ará Igbó-Ọrà ni wọ́n, n'Ìbàràpá, àpá méjì wà lẹ́sẹ̀ wọn títí wọ́n fi kú. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ sòbìà, kòkòrò kan ni, wọ́n á mu omi adágún tó ní ọmọ rẹ̀, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ó máa tó bí ọdún kan kó tó yọ jáde láti inú ẹsẹ̀, á wú, á bẹ́, kòkòrò funfun gígùn bí òwú á yọrí. Kò sóògùn. Wọ́n á wé orí rẹ̀ mọ́ igi tín-ín-rín, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tó bá já mọ́nú ẹsẹ̀ ẹ ti wọ gàù nìyẹn. Ìgbà tí iṣẹ́ oko bá le jù ló sì máa ń fẹ́ yọ, gbogbo ilé á wà nílẹ̀, ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì á máa fi ìdí wọ́lẹ̀. Ìyá àgbà ní ohun tó gba iléèwé lọ́wọ́ àwọn nìyẹn, wọ́n pàdánù sáà kan, wọ́n padà dé, wọ́n ní obìnrin ṣáà ni, kó kúkú máa báyàá ẹ̀ ta gàrí. Kì í sì í ṣe ìtàn ayé Nóà o, ní ọdún 1988 tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà, ó lé ní 650,000 èèyàn tó ní in lọ́dún kan ṣoṣo yẹn. Kànga ẹ̀rọ, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi àti àwọn tó ń rin abúlé dé abúlé ló lé e lọ, ọdún 2008 la rí i gbẹ̀yìn, ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé fún wa níwèé pé ó ti tán. Kò sí ọmọ ọdún 15 kankan tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tó mọ̀ ọ́n rárá, àwọn kan tiẹ̀ rò pé èébú ni.

Ó tún ku ti ìwọ̀fà. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe ìwọ̀fà, bí ọmọ ọdún 13 ni wọ́n nígbà náà, ayé àwọn òyìnbó ni. Òkú kú nínú ẹbí, owó ìsìnkú ò tó, bàbá wọn lọ yáwó lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kan, ó wá fi ọmọ sí i. Ọmọ yẹn á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Ibi tó sì ti burú jù nìyí o, iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn kò dín gbèsè kù. Èlé ni. Ó lè roko títí ọdún fi yípo, iye tí bàbá ẹ̀ yá náà ló ṣì wà nílẹ̀ geere, àfi kí ẹnì kan rí owó gidi wá fi rà á padà. Ẹ fi èyí sọ́wọ́ kan, mo máa padà sí i.

Tá a bá wá dé orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra wọn, ìtàn yàtọ̀, ìyàtọ̀ yìí gan-an ni wọn kì í fẹ́ ká wò. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọdún yẹn nìkan, àwọn ọmọ tó wà ní pírámárì kọjá 800,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n ṣe pírámárì tán, kò sówó gírámà, wọ́n bọ́ sí Modern School, ọdún mẹ́ta. Wọ́n jáde, wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ tíṣà ní abúlé kan. Ọmọ ọdún mélòó? 16. Ọmọ ọdún 16 ń gbowó oṣù! Ó ń fi ránṣẹ́ sílé! Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lọ gba Grade Two, ìwé ẹ̀rí tíṣà, nígbà tí owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, sì máa dé ní àárín ọdún 1970s, wọ́n fi ra Volkswagen ìjàpá, kò tíì pé ọdún 30 tí wọ́n dáyé. Wọ́n jìyà lóòótọ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà láìsẹ́ran, aṣọ kan ni fún ọdún. Ṣùgbọ́n gbogbo òógùn tí wọ́n là, ó ń bọ́ sórí gbèsè, gbèsè ń wálẹ̀. Tó o bá ṣe ọdún mẹ́fà níléèwé, wọ́n ní ohun tí mẹ́fà ń gbà. Tó o bá fi mẹ́ta lé e, wọ́n ní ohun tí mẹ́sàn-án ń gbà. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, bàbá tí ò kàwé pàápàá mọ̀ ọ́n, òun ló ṣe ń ta kòkó tó ń ta ilẹ̀ láti rán ọmọ lọ.

Àwọn àbúrò wọn tún jẹ nínú oyin náà, UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, dé lọ́dún 1979, gírámà náà di ọ̀fẹ́ l'Ékòó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Ẹ lè máa bú iléèwé Jákàǹdè pé ó rí bí ilé adìyẹ, àwọn tó jókòó nínú ilé adìyẹ yẹn ló ń ṣe dírẹ́kítọ̀ lónìí.

Tèmi ò pọ̀ láti sọ. A bọ́ sí àárín. Nígbà tá a máa fi mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú nǹkan le, ti kọjá lórí ilé, Náírà ti subú, tíṣà ń ta kẹ́ẹ̀kì ní kíláàsì. June 12, wọ́n ti iléèwé pa, a rò pé ìsinmi ni, inú wa ń dùn. À ń kọ WAEC lọ́wọ́ lọ́dún 1998 ni Abacha kú, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Abíọ́lá náà kú, gbogbo ìgboro ń jó, epo ò sí, a fẹsẹ̀ lọ sí sẹ́ńtà. Pẹ́ńsù HB la fi ṣe JAMB tiwa, tó o bá kùn ún kọjá ìlà ọkàn ẹ ò ní balẹ̀ títí èsì máa fi dé. Mo lọ sí Poly, mo jáde, iṣẹ́ ò sí, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó parí.

Ẹ wá jẹ́ kí n gbé yín wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Kí ọmọ tó lè gba fọ́ọ̀mù JAMB báyìí, ó gbọ́dọ̀ ní NIN. Tí ẹni tó tẹ orúkọ ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà bá ti fi H kan kún un, tàbí ó yí oṣù ìbí padà, ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí orúkọ tó wà nínú NIN ló máa bọ́ sínú JAMB, èyí tó wà nínú WAEC ni ti iléèwé, àwọn méjèèjì ò bára mu, owó ni wọ́n máa fi tún un ṣe, ìbúra kóòtù náà owó ni. Lẹ́yìn náà ló ń lọ gba kóòdù lórí fóònù, ó ń ra PIN, ó ń lọ sí sẹ́ńtà fún ìtẹ̀ka, á tún kọ mock tó bá fẹ́, á wá kọ ìdánwò gan-an lórí kọ̀ǹpútà, bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé ẹ̀. Ó ṣe é, ó gbà 240 nínú 400, gbogbo ilé jó. Kò tíì wọlé o. Yunifásítì tó mú tún ní tiẹ̀ tó máa kọ, Post-UTME, owó ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ CAPS.

CAPS yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò dáadáa. Ojú ìwé kan ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ọmọ ti máa rí i bóyá wọ́n ti mú un. "Admission in progress" ni wọ́n máa kọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ á wá lọ́jọ́ Ajé, in progress. Ọjọ́rú, in progress. Mo ní ọmọbìnrin kan tó ń wá láti oṣù kẹjọ títí ọyẹ́ fi dé, ó ń fi owó mọ́tò rìn láti Mọ́níyà, mo sọ fún un pé kó máa pè mí dípò kó máa náwó, ó ní Àǹtí, mo fẹ́ fojú ara mi rí i ni. Iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ló fẹ́ kọ́, architecture. Ọjọ́ tí nǹkan yí padà lójú ìwé yẹn, kọ́ọ̀sì míì pátápátá ni wọ́n gbé fún un, wọ́n ní kó tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó bá tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè má rí òmíì gbà lọ́dún náà. Ọmọ ọdún 17, òun àti èmi nìkan la wà níwájú kọ̀ǹpútà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún gbòlà-gbòlà, ó ń wò mí lójú pé kí n sọ èyí tóun máa tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò rí irú ìyẹn rí láyé wọn.

Òfin náà ò dúró lójú kan. Lọ́dún 2024 mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ pé ọmọ tí ò bá tíì pé 18 ò ní lè wọ yunifásítì mọ́, àwọn ọmọ tó wà ní SS2 àti SS3 bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kí ni wọ́n máa fi ọdún méjì ṣe nílé? Oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni mínísítà tuntun dé, ó ní 16 ni, ẹ máa bọ̀. Èyí tó tún wá ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ti ọdún 2025. Nínú bí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 tó kọ JAMB, wọ́n kéde pé ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tí ò gba 200. Ẹ rántí gbogbo ẹnu tó la ọ̀rọ̀ nígbà yẹn, TikTok ló fà á, wọn ò kàwé, ọ̀lẹ ni wọ́n, WhatsApp ẹbí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni JAMB fúnra wọn jáde wá sọ pé ẹ̀rọ àwọn ló ṣe ségesège ní sẹ́ńtà 157, l'Ékòó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, pé ọmọ 379,997 ní láti tún un kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyèdé, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, sunkún lójú gbogbo ayé, ó sì tọrọ àforíjì, mo gbóríyìn fún un, kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́nì kankan nínú àwọn tó pe àwọn ọmọ yẹn lọ́lẹ̀ lórí WhatsApp wa tó padà wá sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ò sọ ọ́. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán "ẹ káàárọ̀" ránṣẹ́.

Ká wá sọ pé ó wọlé. Àwọn tó wọlé kí kòrónà tó dé, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti February 14 títí di October 14 ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, wọ́n sì ti jókòó sílé fún kòrónà ṣáájú. Kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin di mẹ́fà. Ó jáde, ó sìnlú, ó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi wá tẹ CV. Ohun tí mo ń sọ nípa ìwọ̀fà nìyẹn. Ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ o, ẹ má tàn ara yín, wọ́n ń kàwé ju bá a ṣe kà á lọ, lẹ́sìn lẹ́yìn iléèwé, lẹ́sìn ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n gbogbo òógùn yẹn, èlé ló ń san. Gbèsè ò wálẹ̀. Ó fi JAMB ra ẹ̀tọ́ láti kọ Post-UTME, ó fi Post-UTME àti WAEC ra ẹ̀tọ́ láti wọlé, ó fi dìgírì ra ẹ̀tọ́ láti lọ tò. Lójú tèmi, tá a bá ń wá ẹni tí ayé rẹ̀ jọ ti ọmọ ìsinsìnyí, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bàbá tó bí wọn ni.

Ẹ tún wò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ọ̀fẹ́ yìí náà lẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀fẹ́ tán. Ní báyìí ẹ̀yáwó NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ló wà nílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ọdún 2024. Kí n ṣòdodo, kò lélé lórí, ìgbà tí wọ́n bá sìnlú tán tí wọ́n sì ríṣẹ́ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án, mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe é, ó ran àwọn kan lọ́wọ́ gidi gan-an. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n fi ọ̀fẹ́ kọ́ ló ń yá àwọn ọmọ wọn lówó, àwọn náà ló tún ń pè wọ́n lọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìn ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń yangàn yẹn náà, ọmọ ta ni wọ́n máa jẹ́ kó rìn ín lónìí? Ní ìparí January 2024, wọ́n dá bọ́ọ̀sì iléèwé lọ́nà l'Émùré-Èkìtì, wọ́n kó àwọn ọmọ àtàwọn tíṣà wọn wọ igbó, ó tó ọjọ́ mélòó kan káwọn ọmọ náà tó dọ́wọ́ òbí wọn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì yẹn náà. Àwa tá a jẹ́ òbí báyìí, tá a bá rán ọmọ ọdún 14 sí mọ́ín-mọ́ín lópin àdúgbò, ojú wa á wà lójú ọ̀nà. Wọn ò mọ igbó, wọn ò mọ odò, inú yàrá ni wọ́n wà, fóònù nìkan ló kù tí wọ́n lè gbà jáde, a tún ń bínú sí fóònù.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú, kí ẹnikẹ́ni má fi sí mi lẹ́nu. Ká ní mo jẹ́ obìnrin, mo sì jẹ́ obìnrin lóòótọ́, tí wọ́n ní kí n yan ọdún tí mo fẹ́ fi jẹ́ ọmọ ọdún 15, òní ni mo máa yàn láì ronú. Ìyá ìyá mi ò mọ ọkọ wọn títí di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kọ́ aṣọ rírán lórí YouTube, ó ń rán ankara fún àwọn tíṣà rẹ̀, ìyá ẹ̀ ò mọ̀ pé ó ní owó nípamọ́. Rọpárọsẹ̀ tí ò jẹ́ kí ẹnì kejì mi ní kíláàsì rìn, ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú èyí tó wá látinú ìṣẹ̀dá (wild polio) ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn nǹkan yìí kì í ṣe kékeré, àwọn ọmọ yìí kì í sì í mọ̀ pé ẹnì kan jà fún un, ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi táwọn kan ń lọ tí CAPS ò bá ṣe é ṣe. Ó wà ní òpópónà kejì sí mi, ilé alájà kan tí ọmọ ọdún 22 kọ́, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe àfi pé gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wá tẹ JAMB lọ́dọ̀ mi máa ń gba ẹnu géètì yẹn kọjá. Ẹ fẹ́ kí n sọ kí ni fún wọn? Pé kí wọ́n ṣe sùúrù? Mo máa ń sọ ọ́, mo sì máa ń rí i lójú wọn pé wọ́n ń wo ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń wo páànù òrùlé mi, wọ́n ń wo Poly tí mo lọ.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 18, ti kọ JAMB lẹ́ẹ̀mejì. Ní January ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ tó ń ta sólà àti ìnfátà, ó ń gùn òrùlé báyìí, ọwọ́ ẹ̀ ti lè. Bàbá ẹ̀ bínú, ó ní ọmọ òun ò ní ṣe wáyà. Ọmọ ní òun ṣì máa kọ JAMB ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun kàn ń fẹ́ kí nǹkan kan máa wọlé ni. Owó tó kọ́kọ́ gbà, ó ra dátà, ó ra búrẹ́dì fún ìyá ẹ̀, ó fi èyí tó kù pamọ́ fún fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní 60 tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, nǹkan kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún mi, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an ni: ìwé wo lẹ gbà kẹ́ ẹ tó ríṣẹ́ àkọ́kọ́ yín, oṣù mélòó lẹ fi wá a, èló sì ni wọ́n ń san?